Níbo Ni Ohùn Ti Rẹlẹ̀?

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kọ́ṣẹ́ parí. Mo kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ti Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ wá bá àwa Owé ní Kábà lónìí. Ẹ kú ìnáwó o. Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni n ó fi dágbére fún yín: rìpítà tí ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Ẹ mọ rìpítà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sórí òkè bí irú èyí tó yí wa ká yìí, tó ń gba ohùn lọ́wọ́ wọkí-tọkí, tó sì ń tún un sọ lójú ẹsẹ̀ kó lè rìn jìnnà. Àwọn tó gbàwé àṣẹ láti máa fi rédíò ṣe fàájì ló ń lò ó, àwọn tí àmì ìpè wọn ní Nàìjíríà ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, David Cameron ní Kánádà so rìpítà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní IRLP. Ní 2002, Jonathan Taylor ní Amẹ́ríkà gbé EchoLink jáde. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó níwèé àṣẹ lè jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Kábà, kí ohùn rẹ̀ jáde lórí òkè kan nílùú òyìnbó.

Àwọn tó ni rìpítà á pè yín pé, "Ọ̀gá, ohùn ò jáde dáadáa." Ọwọ́ á ti máa yá yín láti gbé fọ́lúùmù sókè, bí ẹni tó ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí kò tíì tọ́ ọ wò. Ẹ dúró ná. Ẹ bi wọ́n: ohùn ta ni ò ròkè, ta ni ò sì gbọ́ ọ? Bí àwọn ará ilé bá ń gbọ́ ara wọn ketekete, tí àwọn tòkèèrè ò gbọ́ wọn, ọ̀nà tó ti rìpítà wọ kọ̀ǹpútà ìdí rẹ̀ tó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ohùn tòkèèrè ló rẹlẹ̀ létí ará ilé, ọ̀nà tó ti kọ̀ǹpútà jáde ni.

Bó bá wá jẹ́ ẹnì kan péré ni ohùn rẹ̀ ò ròkè ńkọ́? Ẹ fi rìpítà sílẹ̀, ẹ gba wọkí-tọkí ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Baofeng UV-5R, ẹ tẹ MENU, ẹ lọ sí nọ́ńbà 5, WN. Bí ẹ bá rí NARR níbẹ̀, 2.5 kHz lohùn rẹ̀ ń fẹ̀ mọ, nígbà tí rìpítà tó wà lórí WIDE ń retí 5 kHz. Ìdajì ti sọnù kó tó dé òkè. Ẹ bá a yí i sí WIDE. Bí ẹ bá tìtorí tirẹ̀ gbé ti rìpítà sókè, ohùn gbogbo àwọn yòókù ni yóò máa ha.

Ti iná ló máa ń bí mi nínú jù. Bí kọ̀ǹpútà ìdí rìpítà bá ń lo Linux, ẹ ó ṣí alsamixer, ẹ ó tún ohùn ṣe, inú gbogbo wọn á dùn. Iná ọba á lọ lóru. Bó bá dé, kọ̀ǹpútà lè ti gbé ohùn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, torí iná tó já lójijì kò jẹ́ kó rí àyè tọ́jú àtúnṣe yín. Ẹ tẹ alsactl store kí ẹ tó dìde. Lórí EchoLink, ẹ pe 9999, á ká ohùn yín, á sì dá a padà fún yín gbọ́. Etí tiyín ni kó kọ́kọ́ gbà á kí ẹ tó gbowó.

Ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kó mú mítà tirẹ̀ dání, mi ò yá èèyàn ní tèmi. Ó yá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ.