Ta Ló Ni Ọnà Tí Àwọn Bàbá Wa Gbẹ́?

Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Mo mọ̀ pé ojú àwọn kan ti wà lára ìyán, n kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ igi ni mo bá wá. Láti Òsì dé Odò-Ọwá, a ní àwọn agbẹ́gilére tí àwọn ará òkè òkun mọ̀ ju bí àwa ọmọ ilé ti mọ̀ wọ́n lọ. Aréògún ará Òsì, tó kú ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ Ẹpa. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ sí i, Làmídì tó wá gbẹ́ ère Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò lè ṣe kó má wo ọwọ́ ọ̀gá, n kò sì pe ìyẹn ní olè. Làmídì kò fi ẹni tó kọ́ ọ pamọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2009.

Ní ẹ̀bá Odò-Ọwá, ní Kájọlà, ni Bámigbóyè gbé, ẹni tó kú ní 1975. Láti oṣù Kẹsàn-án 2022 di oṣù Kíní 2023, yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àfihàn náà. Inú mi dùn débi pé mo fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ará ọ́fíìsì. Ẹnì kan bi mí léèrè pé, "Ṣé Èkìtì náà ni Kwara?"

Ẹ má fi ẹni yẹn rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa ló wà nínú gíláàsì káàkiri ayé tí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "Yorùbá" tàbí "Èkìtì" lọ. Bí àlejò bá ka Èkìtì, Adó ló máa wá sí i lọ́kàn. Aréògún tí wọ́n tilẹ̀ dárúkọ, "Osi-Ilorin" ni wọ́n pe ìlú rẹ̀, nítorí abẹ́ Ìlọrin ni òyìnbó kó wa sí.

Kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún òkú? Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Ẹni tó ra ère, igi ló rà. Bí ẹ ṣe lè ra rẹ́kọ́ọ̀dù kí ẹ máa gbọ́ ọ nílé láìní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ tà, bẹ́ẹ̀ náà ni ère. Ọnà tó wà lára igi náà ní olówó tirẹ̀. Òfin tọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹ má bínú, òṣìṣẹ́ báńkì ni mí, ìṣirò kò lè ṣe kó má yọjú. Bí a bá fi òfin òní kà á, ti Aréògún parí ní òpin 2024. Ti Bámigbóyè ṣì wà títí di òpin 2045.

Èyí tí a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ńkọ́? Òfin kan náà ní apá kan fún ọnà àjogúnbá: orin, ijó, ère, aṣọ, ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò lóde ìlò tí ìṣe wa mọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti mú un. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni àṣẹ náà wà? Kò sí lọ́wọ́ Ọba, kò sí lọ́wọ́ agbo ilé, ọwọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ère tí a mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ lè jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tí orúkọ sọ nù lára rẹ̀, Àbújá ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ní báńkì, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kì í pariwo pé òun ní olówó.

Òfin wa kò sì rìn jìnnà kọjá ẹnubodè. Ní 2017, Damien Hirst, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ orí aláwọ̀ wúrà kan ní Venice, ó jọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938. Victor Ehikhamenor, ọmọ Nàìjíríà tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà ní Venice lọ́dún yẹn, ló ké gbàjarè pé lọ́jọ́ iwájú, Hirst ni àwọn olùwòran máa rò pé ó ni ín. Ó rí ẹnu ké nítorí pé orí Ifẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ Ẹpa wa ni, ta ni ì bá dá a mọ̀?

Ohun tí a mọ̀ nípa Aréògún pọ̀ lónìí nítorí pé àwọn àlejò kọ ọ́ sílẹ̀. Carroll kọ ìwé ní 1967. John Picton wá sí Ọ̀pin ní àwọn ọdún 1960, ó ń béèrè ta ló gbẹ́ èyí, ta ló gbẹ́ tọ̀hún. Àwọn àgbà tó dá a lóhùn ti lọ.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ wa fi gbà pé kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ jẹ́ ìwé orúkọ. Agbo ilé dé agbo ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Èrò, a ó ya àwòrán ère, òpó àti ilẹ̀kùn tó kù, a ó kọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹni tó ní kó gbẹ́ ẹ, àti ẹni tó sọ fún wa. A kò ní gbé igi ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Ohun tí awo bá ní kí a má yà, a kò ní yà á. Ẹ̀dà kan á wà ní ààfin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ agbo ilé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Akọ̀wé wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ju 80 ọdún lọ, kó jọ̀ọ́ kọ orúkọ tirẹ̀ kọ́kọ́, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti bẹ̀rẹ̀.