Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Bà Kọ́ Ló Yẹ Kó Dájọ́



Àwọn àgbà ní ọba kì í mú ọ̀kọrin. Bí a bá ń pa òwe yìí, a máa ń gbàgbé pé ọjọ́ ọdún ni ọ̀kọrin ń rí ọba bá wí, inú ẹ̀kú sì ni eléégún aláré ti ń fi ìjòyè ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọdún bá ti parí, kálukú a pa ẹnu mọ́. Ìjọba àwa-ara-wa ló wá ní kí mẹ̀kúnnù máa wí tẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́, láìbojú. Abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí. Abala 45 sì gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. N kò bá ìdínkù jà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí yóò máa dín in.

Ẹ jẹ́ ká wo Hubert Ògúndé, òṣèré tíátà. Nígbà tó gbé eré rẹ̀, Strike and Hunger, dé Jos ní 1946, ìjọba òyìnbó fòfin dè é. Bread and Bullet, tó dá lórí àwọn awakùsà èédú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949, kò rí ojú rere aláṣẹ ní Kano. Ó dáa, òyìnbó nìyẹn. Ní 1964, ó ṣe Yorùbá Ronú, ọ̀rọ̀ náà sì ba ìjọba Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Abẹ́ Àríwá ni àwa Ìgbómìnà ti Kwara wà nígbà náà, nítorí náà òfin ọ̀hún kò dé Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́. Ìlá-Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni kò gbọdọ̀ wo eré. Ìjọba tí a dìbò yàn ló dè é. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí yin sójà o. Ní 1984, Òfin Kẹrin (Decree 4) ti ìjọba ológun Buhari sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òfin náà, pé ìròyìn jẹ́ òótọ́ kò lè gba akọ̀ròyìn sílẹ̀ bó bá ti dójú ti aláṣẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní gbèjà. Ní Rwanda, nígbà ìpakúpa ọdún 1994, rédíò RTLM ń dárúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pa. Ní December 2003, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá lára àwọn olùdásílẹ̀ rédíò náà lẹ́bi. Ilẹ̀ àti oyè ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú sí ìlú lọ́dọ̀ tiwa náà. Ẹni tó bá gbé ohùn sórí fóònù pé kí wọ́n lọ sun ilé aládùúgbò, kì í ṣe èrò ló sọ, iṣẹ́ ló rán ni. Kí òfin mú un.

Ṣùgbọ́n ìbanilórúkọjẹ́ ńkọ́? Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Kwara jogún lọ́wọ́ Àríwá, kà á sí ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì sì wà nídìí rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 náà tún wà; ilé-ẹjọ́ ECOWAS bá abala 24 rẹ̀ wí ní 2022, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ta ló sábà ń lo irú òfin báyìí? Olówó àti olóyè ni. Ìyá alátà tí wọ́n pè lólè kì í rí ọlọ́pàá rán. Bí wọ́n bá ba orúkọ ẹni jẹ́, kó gba ilé-ẹjọ́ lọ, kí adájọ́ tí ọ̀rọ̀ kò kàn gbọ́ tẹnu méjèèjì, kó sì dá owó gbà-má-bínú fún ẹni tó jàre. Kí ẹ̀wọ̀n má sí níbẹ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ ni Penal Code, kò dúró de Abuja. Ẹ̀yin ará Ìrẹ́pọ̀dùn ní aṣojú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin. Ẹ kọ̀wé sí i kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú òfin ìbanilórúkọjẹ́, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.