Kíka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Ìbí àti Ikú ní Ilẹ̀ Wa



Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Iṣẹ́ tí èmi sì ń ṣe ní yunifásítì yìí kò ju kí n máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ lọ. Ìjà tí ó wà láàárín òwe yìí àti iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìṣirò tí a ń ṣe kò le. Iye ènìyàn tí ó wà ní ìlú kan lónìí ni iye tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a fi àwọn tí a bí àti àwọn tí ó wọ̀lú kún un, kí a sì yọ àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó kó lọ kúrò. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ àwọn iye náà gan-an ni wàhálà.

Ní àwọn ilẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, akọ̀wé a kọ ìbí sílẹ̀, a kọ ikú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó sọ ọ́ di dandan láti forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ jáde ní 1992. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kú lóru, tí a sin kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni yóò gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì? Ìkànìyàn pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀. A fagi lé ti 1962, a fagi lé ti 1973, nítorí pé owó ìjọba àti àga ilé ìgbìmọ̀ ń tẹ̀lé iye orí, olúkúlùkù sì fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀. Èyí tí a kà ní 2006 sọ pé 140,431,790 ni wá. Ṣùgbọ́n alààyè ni ìkànìyàn wá kà. Òkú kì í jókòó dè é.

William Brass, ará Scotland kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ni ó rí ọgbọ́n sí i. Bí kò bá sí ìwé, ìyá ṣáà wà. Kí a bi obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí rẹ̀, iye ọmọ tí ó ti bí, àti iye tí ó kù láyé. Bí a bá kó àwọn ìyá tí wọ́n wà láàárín ọdún 30 sí 34 jọ, tí a wo ìpín tí ó ti kú nínú ọmọ wọn, tí a sì tún ìpín náà ṣe díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bímọ, yóò sún mọ́ ìpín àwọn ọmọ tí ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ti àwọn ìyá ọlọ́dún 20 sí 24 ń sọ ti ọmọ tí kò pé ọdún méjì. Ìbéèrè mẹ́ta péré! Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì ń yà mí lẹ́nu di òní.

Ìbéèrè ti ọjọ́ orí rọrùn díẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ ọdún tí a bí i mọ̀ bóyá òun ti gbọ́njú nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, tàbí nígbà tí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí wàjà ní 1980. Ní ti ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, kò sí ìyá tí ó gbàgbé ọmọ tí ó pọ̀n sá.

Ìbéèrè kẹta ni òwe wa dínà mọ́.

Mo rántí ìyá kan ní àdúgbò kan nínú ìlú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó ni ẹ bí?' Ìyá ní, 'Olúwa fún mi ní mẹ́ta.' 'Mélòó ni ó kù láyé?' Ojú ìyá yí padà. 'Ta ní sọ fún ọ pé ọ̀kan kú?' Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ mẹ́ta, ó kọ òdo sí ibi ikú, ó fẹ́ dìde. Mo wá béèrè orúkọ àwọn ọmọ náà. Èyí tí ó pè ní àkọ́bí ń jẹ́ Kòkúmọ́.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Àkọ́bí kì í jẹ́ Kòkúmọ́. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ikú ni gbogbo wọn, ara alààyè ni a kọ ọ́ sí. N kò béèrè iye tí ó kú. Mo ní, 'Ìyá Kòkúmọ́, omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ta ni Kòkúmọ́ wá tẹ̀lé?' Ó dákẹ́ pẹ́ títí. Ó ní, 'Méjì ni. Ọ̀kan ò tilẹ̀ pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kọ orúkọ èkejì o.' A kò kọ orúkọ. A kọ méjì. Ìyá ní kí a fi ibi tí a kọ ọ́ sí han òun. Kò mọ̀wé, ó kàn fi ìka kàn án ni.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Nínú ọmọ mẹ́ta, kò sí èyí tí ó kú; nínú márùn-ún, méjì ti lọ. Ilé kan náà, ìyá kan náà. Bí irú èyí bá wá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 1999 sọ pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí, 140 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Èyí tí a ṣe ní 2003 ní 201 ni. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò ní ikú ọmọdé ya wọ ilẹ̀ wa láàárín ọdún mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé òkú púpọ̀ ni kò wọ ìwé 1999. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tí ó ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ka 140 kí ó sì rò pé iṣẹ́ ti rọ̀ díẹ̀. N kò dá ìyá kankan lẹ́bi o. Ìbéèrè ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìdí nìyí tí a kì í fi ikú bẹ̀rẹ̀. A ó béèrè àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá, a ó béèrè àwọn ọmọbìnrin, a ó béèrè àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí ó bá ka alààyè tán ni a ó tó béèrè èyí tí ó padà. Bí ó bá ní kò sí, a ó tún rọra béèrè: kò ha sí èyí tí ó ké, tàbí tí ó mí, ìbáà ṣe fún ìgbà díẹ̀? Èmi a tún máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n tẹ́tí sí orúkọ.

Ìwádìí 2018 ní 132 nínú ẹgbẹ̀rún fún Nàìjíríà lápapọ̀, àti 62 fún Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tí a wà yìí. Mo gbà pé ikú ọmọdé ti dín kù lọ́dọ̀ wa. N kò gbà pé gbogbo àwọn tí ó padà ni ó wà nínú 62 yẹn.

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò tún máa wọ àdúgbò. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ fún wọn ní àga, kí ẹ sì fún wọn ní iye tí ó pé. A kò ní béèrè orúkọ.