Ọ̀rọ̀ Lórí Títa Ilẹ̀ Tí A Kò Tíì San Owó Rẹ̀ Tán

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ta aṣọ wá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. A kì í ṣe amòfin. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ, a sì ti bi lọ́yà léèrè kí a tó dìde.

Òwò kan ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹni tí kò ní owó ilẹ̀ yóò fi owó díẹ̀ dá ilẹ̀ dúró, yóò gba ìwé àdéhùn, kí ó tó san ìyókù yóò ti gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn ní iye tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èrè àárín ni tirẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Illinois níbẹ̀, láti 2019, ẹni tí ó bá ń ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì. Wọn kì í sọ ìyẹn fún wa.

Àwa gan-an ti ṣe é. Ní 2011, àwa mẹ́ta nínú ọjà dá pulọ́ọ̀tì kan dúró lẹ́yìn ìlú. ₦900,000 ni onílẹ̀ pè é. A san ₦300,000. Kò pé oṣù kan tí a fi gbé ìwé náà fún opó kan, ọmọ ìlú wa, ní ₦450,000, pé òun ni yóò san ìyókù fún onílẹ̀. A jẹ èrè ₦150,000 láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Inú wa dùn, ká má parọ́. A rò pé bí aṣọ ni: ẹni tí ó gba ìgàn aṣọ ní àwìn, tí ó tà á kí ó tó sanwó, ta ni yóò mú un?

Ọjọ́ tí ìyá náà kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀ ni àwọn mẹ́rin jáde sí i. Ilẹ̀ ogún ni. Ẹni tí ó tà á fún wa kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ajogún ni, àwọn ìyókù kò mọ̀ sí i. Ìyá náà kò lọ bá onílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó padà sí. Ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ni mo mọ̀." Aṣọ tí a kó sílẹ̀ de ọdún Iléyá ni a tà ní pọ̀ọ́ǹtọ̀ láti san án. Títí di 2013 ni owó rẹ̀ tó pé.

Ohun tí lọ́yà sọ fún wa nìyí. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ wà. Abala 22 ní ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 26 ní òwò ilẹ̀ tí kò bá òfin náà mu, òfo ni. Ní 1989 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Ní 1995 wọ́n ṣàlàyé nínú ẹjọ́ mìíràn pé a lè kọ ìwé àdéhùn kí ìyọ̀ǹda tó dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀.

Àdéhùn ni a ń tà nígbà náà, kì í ṣe ilẹ̀. Bí àdéhùn bá gbà á, tí onílẹ̀ mọ̀ sí i, tí ẹni tí ń rà á sì mọ ohun tí òun ń rà, lọ́yà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ilẹ̀ onílẹ̀ ní tirẹ̀ láti gba owó, òfin jìbìtì ti 2006 ń dúró dè é: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20, kò sí pé a ó san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí alárìnà gba owó láti kọ ìwé ilẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ lọ́yà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa àtìpó gan-an. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 ń ṣiṣẹ́, kí ti 1978 tó dé, ẹni tí ẹ̀yà bàbá rẹ̀ kì í bá ṣe ti Àríwá, àlejò ni, kò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ àfi bí ìjọba bá yọ̀ǹda. Nígbà náà, ará Ìlọrin jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí i jẹ́ àlejò! Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa fi ẹnu lásán ra ilẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń wá ìwé rẹ̀ dòní.

Ẹni tí ó bá ti dá ilẹ̀ dúró báyìí, kí ó wá àwọn ajogún rí, kí ó lọ wo ìwé ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín wa níbí lónìí. Ó ní ká má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ká sọ ọ́.