Ohùn, Orin àti Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí iṣẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn àdúgbò, níbi tí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí sítróòkù, ti kọlù ti ń gba ìtọ́jú láti bọ̀ sípò. Àrùn yìí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan nínú ọpọlọ mọ́, yálà nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ dí tàbí nítorí pé ó bẹ́. Bí ó bá jẹ́ apá òsì ọpọlọ ni ó bà jẹ́, níbi tí èdè fìdí kalẹ̀ sí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lè rọ, kí ọ̀rọ̀ sì dàrú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ẹbí sábà máa ń sáré wá ìtọ́jú fún.

Ìdàrú èdè yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní afásíà, ó sì yàtọ̀ sí kí ahọ́n wúwo lásán. Ní 1861, oníṣègùn Paul Broca ṣàlàyé ní Paris nípa ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ, bí ó tilẹ̀ ń lóye ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ní 1874, oníṣègùn mìíràn, Carl Wernicke, ṣàpèjúwe irú kejì, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde láìní ìtumọ̀, tí aláìsàn kò sì lóye ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Irú kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń tètè pè ní wèrè, tí wọn a sì gbé aláìsàn lọ síbi tí kò yẹ.

Iṣẹ́ tí olùtọ́jú kọ́kọ́ ń ṣe kò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀: ó ní láti mọ̀ bóyá aláìsàn lè gbé nǹkan mì, nítorí pé ògì tí wọ́n bá dà sẹ́nu ẹni tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á.

Àyẹ̀wò èdè ni ó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Boston Naming Test ti 1983 ní àwòrán 60 tí aláìsàn yóò dárúkọ, ilé tí wọ́n fi yìnyín kọ́ sì wà lára wọn. Ìyálọ́jà ní Ìbàdàn tí kò bá mọ orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tìtorí ìyẹn ṣàìsàn. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sì bìkítà fún ohùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lè ṣàkóso ohùn rẹ̀ mọ́ lè béèrè ọkọ̀, kí wọ́n gbé ọkọ́ wá fún un.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ kan ní Boston gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń kọ gbólóhùn kéékèèké lórin pẹ̀lú aláìsàn, nítorí pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ a máa lè kọ orin tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba èyí láìsí wàhálà; ṣùgbọ́n orin tí kò bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá a máa lọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ po, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn orin òyìnbó. Nítorí náà, oríkì aláìsàn, àdúrà tí ó ti mọ̀ sórí àti kíka ení, èjì ni ó yẹ kí olùtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, kí ohùn ọ̀rọ̀ sì máa darí orin.

Olùtọ́jú nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Lẹ́yìn ìpàdé lórí ètò ìlera tí ó wáyé ní Alma-Ata ní 1978 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò ìmúbọ̀sípò láàárín ìlú kalẹ̀, èyí tí ó sọ ẹbí di alábàáṣiṣẹ́ olùtọ́jú. Ẹbí ni yóò pa rédíò, tí yóò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, tí yóò sì dúró de ìdáhùn láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ti sọnù lẹ́nu rẹ̀ ṣì ń gbọ́ nígbà tí ọmọdé bá fi "o" dípò "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.