Orúkọ Àrùn àti Ìtàn Ìdílé

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń sọ̀rọ̀ àrùn. Orúkọ ni ó fà mí dé ibẹ̀.

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Póvoa de Varzim, ìlú apẹja kan ní àríwá ilẹ̀ Potogí, àrùn kan wà tí ọmọ ń jogún lára òbí. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní doença dos pezinhos, èyí tí í ṣe àrùn ẹsẹ̀ kéékèèké. Ẹsẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Láti ẹsẹ̀ ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́: aláìsàn kò ní mọ gbígbóná mọ́, iná lè jó o kí ó má mọ̀. Ẹsẹ̀ a joro, inú a dàrú, ara a rù. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ikú máa ń dé.

Ní 1939, Dókítà Corino de Andrade rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Porto. Ó tọpa àrùn náà láti ìdílé dé ìdílé, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1952. Lónìí, a mọ̀ pé èròjà purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀kì ń ṣe, transthyretin, ni ó ń ní àbùkù, tí ó sì ń dì mọ́ iṣan ìmọ̀lára. Bí òbí kan bá ní àbùkù náà, ìdajì ni ìrètí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jogún rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ajogún ni í ṣàìsàn.

Ní 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ ẹ̀dọ̀kì fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Swídìn. Ní 2011, Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn tafamidis; àwọn oògùn míràn tẹ̀ lé e ní 2018. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àrùn ni oògùn wúlò jù. Iṣan tí ó ti kú kì í sábà jí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Irú àbùkù kan nínú èròjà yìí kan náà, tí ó ń ba ọkàn jẹ́, wà lára àwọn ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa náà sì mọ àrùn ìdílé í sọ lórúkọ: ẹ rántí fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwádìí ìdílé tí a fi ń kọ àfẹ́sọ́nà, ẹ jẹ́ kí a máa fi tọ́jú ọmọ. Bí ìyá àgbà bá ń sọ bí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ti kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà.