Ta Ló Dí Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Ìsàlẹ̀?

Ẹ̀yin ará Jákáńdè Ẹ̀sítéètì, Ìsọlọ̀, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tòní ń rùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Láyé Gómìnà Lateef Jakande ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láàárín 1979 sí 1983, ni wọ́n kọ́ irú àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, ìdílé púpọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni òkè á ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ; ìyá ìsàlẹ̀ ni yóò bá omi ẹ̀gbin nílẹ̀ balùwẹ̀. Ìjà dé! Bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn kọ́ ló dí i. Bí ọ̀nà bá dí níwájú, ojú ihò tó rẹlẹ̀ jù lomi ẹ̀gbin máa ń gbà yọ.

Kí ẹ tó dáwó mọ́tò agbégbọ̀nsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí ihò kékeré tí páìpù gbà kọjá lẹ́bàá ògiri. Bó bá gbẹ, páìpù inú ilé ló dí. Bó bá kún, wàhálà wà níwájú: páìpù tó lọ sí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, táǹkì fúnra rẹ̀, tàbí kòtò sùkáwéè.

Nínú táǹkì, ìgbẹ́ á rì, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á ṣàn lọ sí sùkáwéè kí ilẹ̀ lè fà á mu. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Àwọn gan-an lẹ ń fi bílíìsì àdàjù pa. Pámpáàsì kì í jẹrà níbẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ga jù, á bómi wọ sùkáwéè, á dí ojú ilẹ̀. Lásìkò òjò, tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga, sùkáwéè kò ríbi gbómi sí. Bí ẹ bá kó táǹkì lọ́jọ́ yẹn, kò ní pẹ́ tí yóò tún kún.

Omi díẹ̀ kò lè gbé ìgbẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má fi ife omi kan ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì torí pé ẹ̀rọ omi ò yọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni má wọ inú táǹkì, ẹ má sì tan iná sí i. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani, ó sì ń pa ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti yọ ẹni àkọ́kọ́.

Bí mọ́tò bá dé, ẹ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Omi tó rọrùn láti fà làwọn kan ń fà lọ, wọ́n á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n ti igi gígùn bọ inú táǹkì, kí ẹ rí i bí ìsàlẹ̀ ṣe rí, kẹ́ ẹ tó sanwó.